Kí Ló Dé Tí Omi Àmù Fi Ń Tutù Ní Kánò Ju Èkó Lọ?

Ẹ gbé àmù kan kalẹ̀ lábẹ́ igi dongoyárò ní Kánò lóṣù Kẹta, nígbà tí oòrùn ọ̀sán ń ta ni lágbárí. Ẹ rọ omi ẹ̀rọ sí i. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, omi yẹn á ti tutù dé ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ wá gbé àmù kan náà lọ sí Èkó lóṣù Keje, nígbà tí ojú ọjọ́ ṣú, tí oòrùn ò tiẹ̀ mú, ẹ rọ omi kan náà sí i. Ilẹ̀ á ṣú, omi á ṣì wà bí ẹ ṣe rọ ọ́. Ibi tó gbóná jù gan-an ni omi ti tutù jù.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsàlẹ̀ dé Àbújá máa ń rò pé òtútù ọyẹ́ ló ń wọnú ìkòkò. Irọ́ ni. Òwúrọ̀ nìkan ni òtútù ọyẹ́ mọ̀. Tó bá di aago méjì ọ̀sán ní Gwagwalada lóṣù Kìíní, tẹmọ́mítà lè ti kà tó 33, ìgbà yẹn gan-an sì ni àmù ń ṣiṣẹ́ jù. Gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ gbẹ ló ń ṣe é. Èdè wa tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ti tú àṣírí rẹ̀ tipẹ́: "tutù" kan náà la fi ń sọ pé aṣọ lómi lára, òun náà la fi ń sọ pé ọbẹ̀ ò gbóná mọ́. Ohun tó bá tutù á tutù, bí afẹ́fẹ́ bá ti ṣe tán láti gba omi lọ́wọ́ rẹ̀.

Owó ọkọ̀ omi

Omi kì í gbẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí omi tó lè kúrò lára nǹkan kó wọ inú afẹ́fẹ́, ó gbọ́dọ̀ san owó ọkọ̀, ìgbóná sì ni owó náà. Ibi tó ń fi sílẹ̀ ló ti ń gbà á: lára amọ̀, lára omi tó kù, lára awọ èèyàn. Owó ọ̀hún sì wọ́n. Láti gbé lítà omi kan láti dígírì 30 dé ibi tó ti ń hó, nǹkan bí kilojoule 293 ló ń gbà (kilojoule ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ìgbóná). Kí lítà kan náà gbẹ tán ní dígírì 30, láìhó rárá, nǹkan bí 2,430 ni, ìyẹn ìlọ́po mẹ́jọ. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń tètè hó lórí gáàsì, àmọ́ tó ń pẹ́ kó tó gbẹ tán nínú ìkòkò.

Ẹ jẹ́ ká fi piọ́ wọ́tà ṣe òṣùwọ̀n. Ọ̀rá kan jẹ́ ìdajì lítà. Bí omi tó tó ọ̀rá kan bá gba ara àmù oní-lítà 20 jáde, ìgbóná tó gbé lọ tó láti fi dígírì 14 dín ìgbóná omi tó kù kù. Ní ti gidi, kì í wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí pé bí ìkòkò ṣe ń tutù ni afẹ́fẹ́ ọ̀sán ń dá ìgbóná padà sí i lára, ṣùgbọ́n ẹ ti rí bí agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Àmù tí ẹnikẹ́ni ò bu omi nínú rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tí omi rẹ̀ ò sì dín kù rárá, àmù yẹn ò ṣiṣẹ́.

Ìṣòro Èkó ni pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti yó. Òkun wà lẹ́bàá rẹ̀, ọ̀sà gba àárín rẹ̀ kọjá. Omi wo ló tún fẹ́ gbà? Bí ìgbóná bá jẹ́ dígírì 32, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí dígírì 27 ni ohun tó lómi lára lè tutù dé. Kò ní kọjá ibẹ̀, bí èèyàn tilẹ̀ ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ di ọ̀la. Ní Àbújá lásìkò ọyẹ́, bí ìgbóná bá jẹ́ 33, tí ọ̀rinrin jẹ́ ìdá 20 péré, ó lè wálẹ̀ dé nǹkan bí 18. Dígírì 15 nìyẹn, láìsí iná mànàmáná, láìsí epo jẹnẹrétọ̀. Àmù gidi kì í dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Dígírì méjì mẹ́ta lókè ibẹ̀ ló sábà máa ń dúró sí.

Ẹ lè wọn ibi tí tiyín lè dé. Ẹ wá tẹmọ́mítà onígíláàsì méjì tó bára mu, irú èyí tí wọ́n ń lò fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì níléèwé. (Ti ibà ò wúlò níbí: nǹkan bí 35 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í wálẹ̀ fúnra rẹ̀.) Ẹ wé okùn bàtà olówùú funfun mọ́ ìdí ọ̀kan, kí ẹ ki ìyókù okùn náà bọ ife omi. Omi ọ̀hún ní láti ti wà nínú yàrá fún bíi wákàtí kan. Omi inú fíríìjì á purọ́ fún yín. Ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ méjèèjì fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní ibòòji. Èyí tó gbẹ ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe gbóná tó, èyí tó wé okùn ń sọ ibi tí àmù yín lè dé. Bí ìyàtọ̀ àárín wọn ò bá tó dígírì márùn-ún, ẹ má wulẹ̀ dá ara yín láàmú, ẹ lọ ra yìnyín.

Sàhárà ni afẹ́fẹ́ tí ebi ń pa yìí ti ń bọ̀. Láti oṣù Kọkànlá títí di nǹkan bí oṣù Kẹta, ó máa ń ti àríwá ìlà-oòrùn fẹ́ wá, á sì lé afẹ́fẹ́ òkun padà sí etíkun. Tó bá di oṣù Kẹjọ, afẹ́fẹ́ òkun náà á ti gbẹ̀san, á ti lé e padà dé apá àríwá orílẹ̀-èdè Niger. Ọ̀pọ̀ eruku tó ń bá a rìn wá láti Bodélé ní Chad, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ láyé àtijọ́, tí afẹ́fẹ́ sì ti ń fún ara rẹ̀ gba àárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi bí omi tó ń gba ẹnu ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ já bọ́. Nítorí náà, lára eruku tí ẹ ń nù lórí tábìlì ní Kubwa, ẹ ó rí èèpo ara àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tó ti gbé inú adágún yẹn rí. Òmíràn ń bá afẹ́fẹ́ lọ, ó ń sọdá òkun dé igbó Amazon. Lóṣù Kìíní, ọyẹ́ máa ń dé Èkó náà fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ gbé àmù síta lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i pé òun náà á tutù níbẹ̀.

Ìkòkò tó ń dán kì í tutù

Ẹ mú náírà 20 kan, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Obìnrin amọ̀kòkò tó wà níbẹ̀ ni Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi, láti ìlú Kwali tó wà ní agbègbè Àbújá lónìí. Lọ́dún 1954 ló wọ ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní Suleja, tí orúkọ rẹ̀ ṣì ń jẹ́ Àbújá nígbà yẹn. Ìkòkò tí wọ́n ń sun níbẹ̀ máa ń dán bíi tánganran, iná tó lé ní dígírì 1,200 ni wọ́n fi ń sun ún. Wọ́n rẹwà, wọ́n gbayì kárí ayé, àmọ́ tí ẹ bá rọ omi sínú wọn, kò ní tutù ju bí ẹ ṣe rọ ọ́ lọ. Èyí tó ń mú omi tutù ni irú èyí tí Ladi Kwali ti mọ̀ ọ́n mọ nílé kó tó débẹ̀, tí wọ́n ń kó igi àti koríko jọ lé lórí, tí wọ́n ń sun ní gbangba. Iná gbangba kì í sábà kọjá dígírì 900. Amọ̀ ò ní tíì yọ́ wọ ara rẹ̀, ihò tí ojú ò lè rí á ṣì kún un, ihò wọ̀nyẹn ni omi ń gbà yọ síta láti lọ san owó ọkọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, tí ẹ bá dé ọjà, yálà ní Kwali tàbí lọ́dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò Òkèlélé ní Ìlọrin, ẹ má tìtorí dídán ra ìkòkò. Ẹ fi ìka kan án: èyí tó bá dún gan-an ò sán, èyí tó bá dún bọ́bọ́ ti ní ibi tó sán. Ẹ bẹ ìyá tó ń tà á kó bu omi díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ lọ ná nǹkan mìíràn kí ẹ tó padà. Ara ìkòkò yẹ kó ti máa dúdú láti inú wá nítorí omi tó ń rin ín. Bí omi bá ń ṣàn wálẹ̀ lára rẹ̀, iná ò jó o dáadáa. Bó bá gbẹ fúrúfúrú títí di ọjọ́ kejì, kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀dà kun ìkòkò omi. Ọ̀dà tí àwọn èèyàn fi ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ló ń dí i nímú.

Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́: àmù kì í fọ omi mọ́. Omi mẹruwà tó bá ní kòkòrò àrùn nínú kó tó wọlé á ní in nínú lẹ́yìn tó bá tutù. Ẹ sè é tàbí kí ẹ fi oògùn omi sí i kó tó wọ àmù, kí ẹ máa fi ife ọlọ́wọ́ gígùn bù ú dípò ọwọ́ lásán, kí ẹ sì máa fọ inú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìkòkò inú ìkòkò

Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa tó ti ìdílé amọ̀kòkò wá, ló sọ ọgbọ́n yìí di fíríìjì. Ó gbé ìkòkò kékeré sínú ńlá, ó fi iyanrìn tútù sáàárín wọn, ó sì pín in kiri àwọn abúlé tí kò níná. Lọ́dún 2000, ó gba ẹ̀bùn Rolex nítorí rẹ̀. Nínú àyẹ̀wò tó ṣe, ìkàn tó máa ń bàjẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta wà fún ọjọ́ 27. Tòmáàtì àti ata lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí kì í rí ọjọ́ kejì wà fún ọjọ́ 12. Ẹni tó bá mọ iye ẹ̀fọ́ tó ń jóná mọ́ àwọn oníṣòwò lọ́wọ́ lọ́jà lóṣù Kẹrin á mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ìkòkò ńlá kan tó máa ń rin, tí kò dán. Ìkòkò kékeré kan tó lè wọnú rẹ̀ kí àyè tó tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí márùn-ún kù yí ká. Ti inú lè dán, kò burú. Ó tiẹ̀ dáa, torí omi ò ní máa rin wọlé bá oúnjẹ. Bí ti òde bá ní ihò nísàlẹ̀, ẹ fi amọ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì dí i. Ẹ da iyanrìn odò tí ẹ ti fọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sísàlẹ̀ ìkòkò ńlá, kí ẹ gbé kékeré lé e kí ẹnu méjèèjì lè ṣe déédéé, kí ẹ wá fi iyanrìn kún àárín wọn títí tó fi ku ìka méjì kó dé ẹnu. Ẹ rọra máa da omi sí iyanrìn títí tí kò fi ní fà á mọ́. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lé orí òkúta mẹ́ta tàbí irin, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ náà. Ẹ kó ẹ̀fọ́ sínú, kí ẹ fi aṣọ òwú tútù tàbí àpò ìdọ̀họ tútù bò ó. Ó ku omi àárọ̀ àti omi ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá le gan-an, ẹ fi ti ọ̀sán kún un.

Níbo ló ti ń bàjẹ́? Ibi tó pọ̀ jù ni ìdáná tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀. Ìkòkò á fún afẹ́fẹ́ inú yàrá lómi títí á fi yó, iṣẹ́ á sì dúró. Ẹlòmíràn á gbé e sínú oòrùn, torí pé aṣọ máa ń tètè gbẹ níbẹ̀. Oòrùn á sì máa gbé ìgbóná wọlé ju èyí tí omi ń kó jáde lọ. Ẹlòmíràn á gbàgbé omi fún ọjọ́ méjì. Iyanrìn gbígbẹ dà bí aṣọ òtútù tí ẹ wọ̀ fún ìkòkò inú, ó sàn kó má tiẹ̀ sí níbẹ̀. Àwọn kan fi ilẹ̀ pupa dípò iyanrìn: ó máa ń le gan-an, á sán, omi ò sì ní rọ́nà gbà. Omi bọ́ọ̀hóòlù tó le náà tún wà. Ẹ ó rí ẹfun funfun tó ń hù lára ìkòkò lóde. Ohun tí omi kò lè gbé lọ ló fi sílẹ̀ sẹ́nu ihò, díẹ̀díẹ̀ á sì dí wọn. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ha á, kí ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, kí ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, kí ẹ sì ṣàn án.

Àlùbọ́sà àti iṣu ò gbọdọ̀ débẹ̀, ibi gbígbẹ ni tiwọn. Ẹran, ẹja àti wàrà ò gbọdọ̀ débẹ̀ pẹ̀lú: dígírì 20 tutù fún tòmáàtì, àmọ́ ìgbádùn ló jẹ́ fún kòkòrò tó ń ba ẹran jẹ́.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní "air cooler", tó ní táǹkì omi àti fáànù, àmù oníná ni. Àwọn tó rà á ní Àbújá máa ń ṣe é bí ẹni ń lo éásì: wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Láàárín wákàtí kan, yàrá á ti dà bí ilé ìwẹ̀, wọ́n á ní wọ́n ta àwọn ní ayédèrú. Ẹ gbé e sẹ́nu fèrèsé kó máa fa afẹ́fẹ́ gbígbẹ wọlé, kí ẹ ṣí fèrèsé òdìkejì fún èyí tó ti yó láti jáde. Yìnyín tí wọ́n ń rọ́ sínú táńkì rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Kílò yìnyín kan tó ń yọ́ ń gbé nǹkan bí kilojoule 334 lọ, lítà omi kan tó ń gbẹ ń gbé ìlọ́po méje rẹ̀, omi tó sì ti tutù nini kì í tètè gbẹ. Lóṣù Keje, ẹ kúkú pa omi rẹ̀, kí ẹ lò ó bíi fáànù.

Àwọn ẹranko ti ń ṣe é tipẹ́

Ajá ò ní ibi tí òógùn ń gbà jáde ju àtẹ́lẹsẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ ahọ́n: ahọ́n àti inú imú rẹ̀ ni àmù tirẹ̀, ó sì lè mí ju ìgbà 300 lọ nínú ìṣẹ́jú kan nígbà tí ooru bá mú un. Adìẹ ò ní òógùn rárá, ó ń la ẹnu ni. Àwọn olóko adìẹ ní Kàdúná mọ̀ pé wíwọ́n omi bí ìrì sínú ilé adìẹ lọ́sàn-án oṣù Kẹta máa ń gbà wọ́n là. Kí wọ́n má dán an wò lọ́jọ́ tí òjò ṣú, torí ọ̀nà ọ̀fun tí adìẹ fi ń tu ara rẹ̀ lára ni wọ́n á fi ọ̀rinrin dí. Ẹlẹ́dẹ̀ tó ń yí nínú ẹrọ̀fọ̀ ò dọ̀tí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹrọ̀fọ̀ máa ń pẹ́ lára rẹ̀ kó tó gbẹ ju omi lásán lọ. Àkọ̀ funfun tó máa ń ti Yúróòpù wá lo àsìkò ọyẹ́ lápá ibí ló ṣe tirẹ̀ lọ́nà tí mo gbà pé ó lójú tì díẹ̀: ó ń ya ìgbẹ́ olómi sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Omi inú rẹ̀ á gbẹ, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ẹsẹ̀ kọjá á tutù, ẹsẹ̀ pupa á sì di funfun bí ẹni kùn ún ní ẹfun.

Oyin ló sún mọ́ wa jù nínú gbogbo wọn. Láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, àwọn èèyàn Lugbe àti Kuje máa ń rí oyin tó ṣù bo ẹnu ẹ̀rọ omi tàbí abẹ́ táńkì, wọ́n á rò pé ogun dé. Omi ni wọ́n wá pọn. Ọmọ oyin nílò nǹkan bí dígírì 35 nínú afárá. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ púpọ̀, ọmọ á kú, ìda á sì rọ̀. Àwọn apọnmi á gbé omi dé, wọ́n á fi lé àwọn ti inú ilé lọ́wọ́, àwọn yẹn á tẹ́ ẹ tín-ínrín sí ẹnu ihò afárá, àwọn mìíràn á tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa fi ìyẹ́ fẹ́ ẹ. "Air cooler" gidi nìyẹn, tí fèrèsé rẹ̀ ṣí. Ẹ má fín wọn lóògùn. Ẹ dí ibi tí ẹ̀rọ ti ń jò, kí ẹ gbé àwo pẹrẹsẹ olómi tí òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ kí wọ́n má baà rì, sí ìdí igi kan tó jìnnà sílé. Kí oṣù Kejì tó dé ni kí ẹ ti ṣe é, torí oyin tó bá ti mọ ọ̀nà ẹ̀rọ omi yín kì í tètè gbàgbé.

Ràkúnmí ló ń ṣe òdìkejì. Omi wọ́n lójú rẹ̀, kò ní fi san owó ọkọ̀ kankan tó bá lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí kò bá rí omi mu, ó máa ń jẹ́ kí ara òun gbóná láti nǹkan bí dígírì 34 láàárọ̀ dé bíi 40 lọ́sàn-án, ohun tí a máa pè ní ibà ńlá lára èèyàn. Fún ràkúnmí tó wọn kílò 500, dígírì mẹ́fà tó gbà mọ́ra yẹn ń yọ ọ́ nínú wàhálà àti fi omi bíi lítà mẹ́rin làágùn lóòjọ́. Afẹ́fẹ́ òru á wá kó ìgbóná náà lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Imú rẹ̀ tún ń gba omi padà. Inú imú ọ̀hún lọ́ kọ́rọkọ̀rọ, afẹ́fẹ́ tútù tó mí sínú lóru á mú un tutù, nígbà tó bá sì ń mí síta, omi inú èémí á sẹ̀ síbẹ̀ bí ìrì. Ọ̀rá ló wà nínú iké ẹ̀yìn rẹ̀, kì í ṣe omi. Tó bá wá rí kànga, ó lè mu lítà 100 láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Èèyàn wà ní ìdí òdìkejì pátápátá, kò sẹ́ni tó ń làágùn tó wa. Àmọ́ òógùn tó ń kán sílẹ̀ ò mú ara tutù. Èyí tó bá gbẹ lára ló ń mú un tutù. Ibi tí ewu Maiduguri àti Ṣókótó ti ju ti Èkó lọ nìyẹn. Ní Èkó, ẹ ó rí òógùn, ẹ ó sì wá omi mu. Lókè Ọya níbí, ó ń gbẹ bó ṣe ń jáde, ẹ̀wù ò tutù, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ agbára sì lè ti pàdánù lítà kan láàárín wákàtí kan láìfura. Ìlà iyọ̀ funfun lẹ́yìn ẹ̀wù àti ìtọ̀ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ni ẹ ó fi mọ̀. Bó bá ti dé orí èébì tàbí òòyì, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí ẹ fi ọwọ́ gé lórí àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú lítà omi mímọ́ kan, kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀.

Ètè tó ń là, ẹ má lá a. Itọ́ tó ń gbẹ níbẹ̀ ló ń là á sí i. Òrí ò fún awọ lómi, ó kàn ń dí ọ̀nà tí omi awọ ń gbà jáde ni. Ẹni tó bá nu ara rẹ̀ gbẹ kanlẹ̀ kó tó fi òrí pa á, ìlẹ̀kùn ilé òfìfo ló tì. Ẹ fi pa á láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ẹ jáde nínú ilé ìwẹ̀, nígbà tí ara ṣì ń rin.

Afẹ́fẹ́ kan náà ló ń fa awọ dùndún le tí ohùn rẹ̀ fi ń ké ju ti ìgbà òjò lọ. Òun ló ń jẹ́ kí èlùbọ́ gbẹ kó tó ráyè bu. Òun náà ló fà á tí ẹ̀wù ọ̀rá fi ń ta pàrà-pàrà tí ẹ bá ń bọ́ ọ lóru, tí irin ọkọ̀ sì fi ń ta yín lọ́wọ́: lásìkò òjò, ìrì tín-ínrín tó wà lára gbogbo nǹkan máa ń jẹ́ kí iná yẹn jò lọ ní ìdákẹ́jẹ́, lásìkò ọyẹ́, á kóra jọ títí á fi fò, bẹ́ẹ̀ kí iná tó lè fo mílímítà afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo, ó ní láti tó nǹkan bíi fóltì 3,000 (fóltì ni òṣùwọ̀n agbára iná). Ẹ máa fi kọ́kọ́rọ́ kan ọkọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Nílé epo, ẹ fọwọ́ ba ara irin ọkọ̀ kí ẹ tó súnmọ́ ẹnu táńkì.

Tó bá di oṣù Kẹrin, tí àrá bá ti ń sán lápá Kwali, ẹ padà sídìí tẹmọ́mítà méjèèjì. Ìyàtọ̀ tó jẹ́ 15 lásìkò ọyẹ́ á di mẹ́wàá, á di méje. Bó bá ti wà lábẹ́ márùn-ún fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kó ẹ̀fọ́ jáde, ẹ da iyanrìn sórí tapólì, kí ẹ fọ ìkòkò méjèèjì láìlo ọṣẹ, torí amọ̀ máa ń mu ọṣẹ, omi ọdún tó ń bọ̀ á sì máa rùn ún. Ẹ sá wọn sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n má baà hewú, kí ẹ sì dojú wọn dé lórí pákó. Iyanrìn náà ṣì wúlò, ẹ ṣàn án, kí ẹ rọ ọ́ sápò.